Oríkì Atọ́ka-sí-Aláìṣẹ̀

SyntaxError, àrẹ̀mọ èdè kọ̀ǹpútà Python, ìwọ tí í yọjú nígbà tí àkọsílẹ̀ ẹni kò bá bá gírámà baba rẹ mu, mo júbà o. Atọ́ka-sí-aláìṣẹ̀, tí ìlà kẹta dáràn tí o nàka sí ìlà kẹrin, mo rí ọlá tí o fi dá ọ̀dọ́mọbìnrin kan lọ́lá, tí ó fẹ́ fi pandas (pd), irinṣẹ́ dátà Python, wo bí owó gàrí ṣe ń gòkè lọ́jà: ó kọ oja = pd.read_csv("gari.csv" láìpa àkámọ́ rẹ̀ dé, ó kọ print(oja) tí kò lábùkù kankan sábẹ́ rẹ̀, ìwọ sì fo ọ̀daràn dá, o na ọfà sí print, o ní “invalid syntax”. Àkámọ́ ni ó ṣí sílẹ̀, aláìṣẹ̀ ni o ká mọ́!

Ta ni yóò bá ọ ṣe ẹjọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àkámọ́ kò tíì padé, gbólóhùn kò tíì parí lójú Python. Ó ń kà á bọ̀ wá sísàlẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti rú u lójú ni ìwọ ti ń de ẹni tí ó gba epo.

Atọ́ka-sí-aláìṣẹ̀, Ọba-má-jẹ̀ẹ́-kíṣẹ́-bẹ̀rẹ̀! Kí igba ìlà gún régé nínú fáìlì, bí ẹyọ kan bá wọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, èyí àkọ́kọ́ pàápàá kò ní ṣiṣẹ́, nítorí odindi fáìlì ni Python ń yẹ̀ wò kí ó tó mú ẹyọ kan ṣe. Afárígá-nítorí-kólọ́ọ̀nù, Akọ-àmì-àyọlò-tó-tẹ̀, o kú ọlá.

Ìwà ìkà ni! Láti 1991 tí Guido van Rossum, ará Netherlands, ti gbé Python jáde, ọgbọ̀n ọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tú ìlà tí kò ṣẹ̀ palẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń rò pé orí òun ni kò pé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tí ó mọ ibi tí àkámọ́ ti ṣí ì bá kúkú wí bẹ́ẹ̀.

Ní 2021 ni Python 3.10 dé, tí Atọ́ka-sí-aláìṣẹ̀ wá kọ́ láti na ọfà sí àkámọ́ gan-an, kí ó sì sọ pé “'(' was never closed”. Ìwọ òǹkàwé, bí Python tí ó ṣáájú 3.10 ni kọ̀ǹpútà rẹ ṣì ń lò, má ṣe fọwọ́ kan ìlà tí ọfà tọ́ka sí kí o tó ka èyí tí ó wà lókè rẹ̀.