Ẹnjiníà Ẹ-Jẹ́-Ká-Fọ́máàtì-Ẹ̀

Ní Alajue, l'Ẹdẹ, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí kò fẹ̀ ju àtẹ oníbúrẹ́dì lọ. Ẹnjiníà là ń pe ẹni tó ni ín. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ti gba oyè náà. Poli ìjọba àpapọ̀ wà l'Ẹdẹ, Yunifásítì Redeemer's àti ti Adeleke wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n oyè tirẹ̀, àwọn oníbàárà ló fi jẹ, kò sì sí yunifásítì tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fíláàṣì mẹ́ta ló so kọ́rùn bí ọdẹ ṣe ń so oǹdè.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tó ń lọ́ra wá, ẹ gbé èyí tí bọ́tìnnì kan já lára kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wá, yóò fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, yóò mi orí, yóò ní: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Babaláwo á dá Ifá kó tó mọ ohun tí wọn yóò fi rúbọ. Ti Ẹnjiníà kọ́, wọ́n ti ń pín ẹran ẹbọ kó tó béèrè ohun tó ń ṣe aláìsàn.

Ìyá kan wà ládùúgbò tó ń bá àwọn ọmọ Poli tẹ pírójẹ́ẹ̀tì. Mọ́nítọ̀ tòkúnbọ̀ ló ń lò, èyí tí wọ́n bá a rà ní Ìkẹjà, tó lè ṣe 75 Hz. Lálẹ́ ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe update. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lẹ́tà ti wú bí ẹni tí oyin ta, bí ìyá sì ṣe ń sún ìwé lọ sókè, ọ̀rọ̀ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju báyìí lọ. Ojú mọ́nítọ̀ ń tún àwòrán yà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: 60 ni ti ọ̀pọ̀ wọn, àwọn kan 75, ti àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù lè jẹ́ 144. Ṣùgbọ́n kì í dá yà á. Ẹdẹ yìí náà ni Ọba Láoyè, Tìmì tó gorí ìtẹ́ ní 1946, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, nítorí náà mi ò ní ṣàlàyé fún ọmọ Ẹdẹ pé oníjó ò lè yára ju onílù lọ. Mọ́nítọ̀ ni oníjó. Ètò kékeré tó ń darí káàdì àwòrán, tí wọ́n ń pè ní dírẹ́bà, ni onílù. Update òru ọjọ́ náà ló yọ onílù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì rán wá, tó fi adelé síbẹ̀, Microsoft Basic Display Adapter. Adelé ò mọ àṣírí ààfin. Ìlù kan náà ló mọ̀ ọ́n lù, kò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ oníjó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Ẹnjiníà. Ẹnjiníà mọ orúkọ àrùn náà o. Ó ní dírẹ́bà ni.

"Dírẹ́bà wo?" ni ìyá bi í. "Ṣé ó ń rìn ni?"

"Dírẹ́bà ẹ̀ ti mutí, Mọ́mì."

Lẹ́yìn náà ló bú NEPA: 50 Hz ni iná wọn, 60 ni mọ́nítọ̀, àwọn méjèèjì ń jà. (Ká má parọ́ mọ́ ọn, láyé mọ́nítọ̀ onígbá ńlá, bí tiransifọ́mà bá wà nítòsí, ìjà yẹn máa ń mi àwòrán lóòótọ́. Ayé ìgbà yẹn ló ti kọ́ṣẹ́.) Ó wá fọ́máàtì. Pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ mọ́kànlá bá a lọ.

Windows tuntun tí kò tíì rí íntánẹ́ẹ̀tì, adelé yìí kan náà ló sábà máa ń bá lórí àga. Ẹnjiníà wólé nítorí eku, ó kọ́lé tuntun, eku ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó bá tú fíláàṣì kejì, àkójọ dírẹ́bà láti ayé Windows 7. Ojú mọ́nítọ̀ ò yí padà, àmọ́ búráúsà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò pè ti jókòó sórí tábìlì.

Wàhálà tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ì bá ṣí Device Manager, kó wo Display adapters, kó tẹ Roll Back Driver. Bí ìyẹn bá kọ̀, kó lọ gba dírẹ́bà lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe káàdì gan-an, Intel tàbí AMD tàbí NVIDIA. Lẹ́yìn náà, Settings, System, Display, Advanced display, kó mú 75. Bí ẹ bá ṣèèṣì mú iye tó ju agbára mọ́nítọ̀ lọ, ojú rẹ̀ á ṣú, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 Windows á dá a padà fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà kì í dúró dé márùn-ún. Ó ti fa wáyà.

Àwa náà là ń bà á jẹ́. Ta ni nínú wa tó máa sanwó fún ẹni tó jókòó, tó béèrè pé "kí lẹ ṣe gbẹ̀yìn?", tó tẹ nǹkan mẹ́rin, tó dìde? Òógùn là ń rà.

Lọ́jọ́ Jímọ́, Ẹnjiníà lọ kírun. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi dátà fóònù ara rẹ̀ gba dírẹ́bà, ó tún ojú mọ́nítọ̀ mú sí 75, lẹ́tà tín-ín-rín padà wálé. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn mọ́nítọ̀.

"Mo ti sọ fún yín, Mọ́mì. Ooru ni. Ó kàn nílò ìsinmi." Ó gba ẹgbẹ̀rún méje fún fọ́máàtì, ó gba ẹgbẹ̀rún méjì fún ìsinmi, ó yọ igba náírà fún ọmọ iṣẹ́ pé kó lọ ra omi tútù wá, kó sì dá ṣéńjì padà.