Aṣọ Tí Afẹ́fẹ́ Ń Kí

Aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Ẹni tó bá wọ àkísà lọ sóde ìgbéyàwó rí mọ̀ pé òótọ́ ni: ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n máa gbé àga rẹ̀ sí. Àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun náà gba òwe yìí gbọ́, àfi pé wọn ò béèrè ẹni tó ń kíni lójú òkun.

Ẹ dé èbúté Hamble ní gúúsù England ní Sátidé kan. Ọ̀gá kan jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, lórí tìmùtìmù tuntun, fíríìjì ń kùn, ẹ̀rọ tó ń fi máàpù hàn sì fẹ̀ bíi fèrèsé. Ẹ wá gbójú sókè wo ìgbòkun. Ọdún 15 ni oòrùn ti ń jẹ ẹ́. Dacron, aṣọ tí wọ́n fi rán an, kì í tètè ya, ohun tó sì ń tan ọ̀gá jẹ nìyẹn. Kò ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti nà, ó ti yọkùn bí agbádá tí a yá lọ́wọ́ ẹni tó sanra, ikùn náà sì ti sún sẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá kí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, dípò kí ọkọ̀ lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ni yóò dà sí. Tíì á dànù, ìyàwó á pariwo, ọ̀gá á bú afẹ́fẹ́, á sì tan ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ìgbòkun di ọkọ̀ epo.

Òwú tí wọ́n fi rán ìgbòkun ni oòrùn sábà máa ń kọ́kọ́ pa. Ẹ fi èékánná ha ojú rírán. Bí òwú bá já, télọ̀ ìgbòkun lè tún un rán. Ṣùgbọ́n bí aṣọ fúnra rẹ̀ bá ti rọ̀ bí aṣọ ìnulẹ̀, owó àtúnrán ti wọ omi.

Ọ̀gá kejì tiẹ̀ gbọ́n jù. Ìgbòkun àwọn tó ń sáré ìje ló rà, dúdú, dídán, oríṣiríṣi ìpele tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Kì í nà, mo gbà. Àmọ́ kíká, oòrùn àti ọ̀rinrin ń bá a jà. Ìpele lè ṣí kúrò lára ìpele, kó sì hùkàsì. Ìrìn ọ̀gá yìí ò sì ju kó sọdá omi sí ìlú Cowes lọ jẹun ọ̀sán. Gbogbo èbúté ń kí i kú orí ire aṣọ tuntun. Afẹ́fẹ́ nìkan ni kò mọ iye tó rà á.

Ẹ wo Joshua Slocum, ẹni tó kọ́kọ́ dá nìkan wa ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po, láti 1895 sí 1898. Ìjì fa ìgbòkun rẹ̀ ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ lágbègbè ọ̀nà omi Magellan, ní ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló gbá mú. Aṣọ alábùlẹ̀ ló gbé e jáde níbẹ̀.

Ọlọ́kọ̀, kó o tó ra tìmùtìmù míì, dùbúlẹ̀ sídìí òpó lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kó o wòkè. Bí ikùn ìgbòkun bá ti kọjá àárín lọ sẹ́yìn, pe télọ̀.