Orí Mọ́gàjí Nínú Álímánáàkì

Iṣẹ́ tí Mọ́gàjí ilé wa gbé fún mi kò le rárá. Kí gbogbo ẹbí jókòó lágbàlá ilé wa l'Ókè Ààrẹ, ní Ìbàdàn, kí n fi dróònù yà wọ́n látòkè, kí Gbọ̀ngàn Mápó hàn lẹ́yìn, kí Cocoa House náà fi àjà 26 rẹ̀ yọjú lọ́ọ̀ọ́kán, kí n sì tẹ̀ ẹ́ sí álímánáàkì ọdún tuntun. Wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu káàkiri.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, nítorí ní Nàìjíríà èèyàn ò kàn lè gbé dróònù fò bó ṣe wù ú. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe bó ti yẹ nìyẹn.

Àwòrán fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwòrán kan. Dróònù á dúró sójú kan lókè, á máa yíjú díẹ̀díẹ̀, á máa yà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí nǹkan bí ìdá mẹ́ta èyí tó yà tán tún wà nínú èyí tó kàn. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń rán wọn pọ̀. Ó yẹ kí n sọ fún ẹbí pé kí wọ́n má mira títí yóò fi parí. N ò sọ. "Ẹ rẹ́rìn-ín!" ni mo ké.

Bọ̀dá kan wà nílé wa tí ojú rẹ̀ ti wà lára oyè Mọ́gàjí tipẹ́. Bí mo ṣe ya apá òsì tán, Bọ̀dá dìde, ó lọ jókòó lápá ọ̀tún, ó ní oòrùn ń pa òun lójú. Mọ́gàjí yí orí wò ó, níbi tí àwòrán méjì ti pàdé gan-an.

Nígbà tí mo fi Hugin rán an tán (sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni, kò jẹ̀bi kankan), Bọ̀dá wà lósì, ó tún wà lọ́tùn-ún, fìlà kan náà. Mọ́gàjí ní etí kan àti ìdajì fìlà. Ewúrẹ́ tó ń kọjá di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Mo fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti máa pinnu fúnra rẹ̀, dípò kí n tì í sójú kan. Ojú ọ̀run wá di abilà, ibì kan funfun, ibì kan ṣú. Mo tún fò nílẹ̀ jù, kí ojú gbogbo wọn lè hàn, afẹ́fẹ́ sì ń ti dróònù kiri. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ohun tó jìnnà kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Èyí tó wà nítòsí ló ń sá. Cocoa House dúró ṣánṣán, páànù òrùlé ilé tiwa ló já sí méjì.

Ẹlòmíì ì bá tún un yà. Èmi ní lára ògiri, ta ló máa sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀? Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló sún mọ́ ọn. Bọ̀dá ra tirẹ̀, ó ra ti àwọn àna rẹ̀, ó ní Ọlọ́run ló ń fi àmì hàn. Àwọn obìnrin ilé ń fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Mọ́gàjí pè mí sí yàrá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. N ò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀, ilẹ̀ yẹn ni mo wà tí mo fi béèrè owó tó kù.

"Ìdajì orí mi lo yà," ni wọ́n wí, "o sì ti gba ìdajì owó. Ẹni tó o yà lẹ́ẹ̀mejì, lọ gba ìyókù lọ́wọ́ ẹ̀."