Ó Ti Dókè

Bí ẹ bá ti lọ síbi òkú àgbà ní Adja-Ouèrè láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko dé gbòǹgbò, tí afẹ́fẹ́ ń gbé eruku pupa ọ̀nà Ikpinlè wá sínú abọ́ ìrẹsì àlejò, ẹ ti pàdé rẹ̀. Òun ló dé kẹ́yìn. Ọkọ̀ rẹ̀ ló dúró síbi tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹní sí fún àwọn ìyá arúgbó. Bàtà rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó sì ń rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí bí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, tó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ọmọkùnrin kan ń tẹ̀ lé e, ó ru páálí. Àwọn ọmọdé kì í wo ojú òun fúnra rẹ̀. Páálí ni wọ́n ń wò. "Fúsé ti dé o! Pàtírọ́ọ̀nù ti gbé fúsé dé!"

Pàtírọ́ọ̀nù kì í ṣe ènìyàn kan. Láti Kpoulou dé Massè, mo lè fi ìka ka mẹ́fà nínú wọn kí n tó mumi. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, òmíràn ń tajà ní Gàbọ́ọ̀nù, òmíràn ní òun ń ṣe nǹkan kan l'Ékòó, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè nǹkan ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ní, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì ń ti inú rẹ̀ jáde.

Fúsé ni àwa tí Faransé ṣe ọ̀gá lé lórí ń pe nǹkan náà. Àwọn ará wa tó wà lódìkejì ààlà, níhà Ìlaròó, ń pè é ní rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n so páálí tí wọ́n ká roboto mọ́ lórí, tí wọ́n sì ki ẹ̀tù sínú páálí náà. Ẹ̀tù kò yàtọ̀ sí èyí tí ọdẹ ń rọ sínú ṣakabùlà: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tó ń ran iná lọ́wọ́ láti jó. Ti ọmọdé á lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, á bú, ó tán. Ti Pàtírọ́ọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Alájà ni tirẹ̀. Ó á gbé ìka mẹ́ta sókè, á máa fi kọ́ àwọn àgbà tó jù ú lọ lẹ́kọ̀ọ́: "Ti ìsàlẹ̀ á gbé e. Bí ti ìsàlẹ̀ bá jó tán, á tan ti àárín. Ti àárín á tan ti òkè." Ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tọ́ka sókè. N kò tíì rí ọjọ́ tó fi ìkẹrin ṣàlàyé bí ohun tó lọ ṣe ń padà.

Ó á ní kí wọ́n gbé ìgò bíà tó ti ṣófo wá, kí wọ́n rì í mọ́ iyanrìn, kí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Á na ọwọ́: "Ẹ sún sẹ́yìn! Ẹ sún sẹ́yìn!" Òun kò ní sún. Á wá máa ka òǹkà láti mẹ́wàá bọ̀ wálẹ̀, ní èdè Faransé, níwájú pósí ìyá kan tó fi èdè Yorùbá nìkan bá ayé sọ̀rọ̀ títí ó fi dákẹ́. Iná á kan òwú. Fììììì! Gbogbo ọrùn á ká sẹ́yìn, ẹnu á là sílẹ̀, ìyá tó ń pín ẹ̀kọ á dá ọwọ́ dúró.

Ibí yìí gan-an ni kí ẹ ti wò ó dáadáa. Kí fúsé tó bú lókè, Pàtírọ́ọ̀nù ti yí ẹ̀yìn sí i. Ó ti kọjú sí àwa. Ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀wù, ó ní: "Ó ti dókè!" Mo ti wo ìyípadà yìí níbi òkú mẹ́jọ, kò ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Òun tó rà á, tó rù ú dé, tó tan án, kò rí ìràwọ̀ pupa àti aláwọ̀ ewé tó tú jáde níbẹ̀. Ojú wa ni sánmà tirẹ̀. Bí ojú wa bá ti tàn yòò, á mọ̀ pé ó ti bú. Bí òjò bá rin ẹ̀tù, tí fúsé lọ já sẹ́yìn ìsọ̀ bíi ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n sọ lókò, kò yí ohun tó fẹ́ wí padà. Ọwọ́ á ṣì nà: "Ó ti dókè!" Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á pàtẹ́wọ́.

Mo ti gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ owó béba wò sí oòrùn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. "Ó." Ta ni Ó? Kò ní "mo gbé e lọ", kò ní "mo fún lágbájá". Nǹkan náà fúnra rẹ̀ ló dìde, ló lọ. "Ti." Ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ má yọ wá lẹ́nu. "Dókè." Òkè wo? Òkè tí Pàtírọ́ọ̀nù ń wí kò ní àdírẹ́sì. Ọlọ́run wà lókè, ọ̀gá wà lókè, àjà ilé náà wà lókè, níbi tí eku ti ń fi ìwé ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún ọmọ rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ibi òkú ló ti kọ́ ọ. Ní ọ́fíìsì ló ti kọ́ ọ, fúsé kàn fún un ní iná ni. Ẹ̀rọ omi abúlé kan bàjẹ́. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nítorí ó mọ ènìyàn. Wọ́n béèrè ìwé. "Ó ti dókè." Ọmọ kan ka ìwé títí, ó kó gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún un, pẹ̀lú nǹkan kékeré nínú àpòòwé. "Ó ti dókè." Àwọn obìnrin tó ń fún epo dá owó jọ fún ẹ̀rùn méjì kí wọ́n lè ra ẹ̀rọ, ó ní ẹnì kan wà tí yóò fi ìdajì kún un bí wọ́n bá lè gbé tiwọn sílẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ tẹ epo nínú kòtò títí di òní, ẹsẹ̀ wọn pupa dé orúnkún, nítorí pé owó wọn ti dókè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe èyí ní ilé ẹlòmíràn? Ní ilé tiwa, olè ni.

N kò ní ṣe ojúsàájú. Kí àgbàlagbà máa fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣeré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀: National Association of Rocketry ti wà láti 1957, òmíràn sì wà tó ń jẹ́ Tripoli. Aṣálẹ̀ kan wà ní Nevada tí wọ́n ń pè ní Black Rock, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń yin tiwọn, tó sì máa ń ga ju ẹni tó kọ́ ọ lọ. Láti ibẹ̀, lọ́jọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọba yin ọ̀kan tó kọjá 100 kìlómítà, tó wọ òfuurufú níbi tí afẹ́fẹ́ ti tán. Lẹ́tà A, B, C ni wọ́n fi ń mọ agbára ohun tó ń tì í: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè ní ìlọ́po méjì agbára èyí tó ṣáájú rẹ̀. Tó bá ti dé H, ìwé ẹ̀rí ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba ìwé ẹ̀rí náà? Nígbà tí mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Wọn kì í fún ọ nítorí pé rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ lọ sókè. Òkè kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Ó gbọ́dọ̀ ta aṣọ tó ń ṣí bí agboòrùn, kó rọra bọ̀ wálẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ fi ẹsẹ̀ wá a kiri, kí o gbé e padà wá síwájú ẹni tó ń yẹ̀ ọ́ wò, kó dà á sí ọ̀tún, kó dà á sí òsì. Bó bá ti fọ́, o kùnà. Ẹ fojú inú wo Pàtírọ́ọ̀nù níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀. "Níbo ló wà?" "Ó ti dókè." "Mo gbọ́. Níbo ló wà?"

Àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn náà ní àwáwí, mo mọ̀. Ènìyàn ni wọ́n, bátìrì ló ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe sí alájà. Bí ti ìsàlẹ̀ bá gbé e wọ́, tí ti òkè wá gbaná bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òkè ni yóò lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà, sáàrin àwọn ènìyàn. Nítorí náà, àwọn kan ń ki kọ̀ǹpútà kékeré sínú rẹ̀ tó ń wo bó ṣe dúró sí. Bó bá ti tẹ̀ jù, kò ní jẹ́ kí iná kejì ràn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí yóò tan iná gan-an ti tẹ̀ láti ìgò sódàbí kejì, kò sì sí ẹni tó dá a dúró.

Ẹnì kan á ní, ṣebí àwọn ọdẹ náà ń yìnbọn síbi òkú. Wọ́n ń yìn ín. Mo ti jókòó ti bàbá ọdẹ kan tó fẹ́ yin ṣakabùlà fún ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú. Ó rìn yí pápá náà ká. Ó béèrè ta ló wà lẹ́yìn ọgbà. Ó ní kí wọ́n mú ewúrẹ́ kan kúrò. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé ìbọn sọ́rùn, ó jókòó, kò wo ojú ẹnì kankan. Irú ìbọn ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ọ̀họ̀rí, ará agbègbè wa, gbé kọjú sí Faransé ní 1914, nígbà tí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe sú wọn. Wọn kò ní ẹ̀tù tí wọ́n lè fi dá sánmà lára yá.

Ibi tí fúsé ń bọ́ sí ńkọ́? Ẹ lọ wo etí ọ̀nà. Láti Sakété dé Pobè, tábìlì lẹ́yìn tábìlì ni epo ọkọ̀ tí a ń pè ní kpayo wà, nínú ìgò, nínú kẹ́ẹ̀gì, tí ọmọdé ń ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí gbaná ní Kraké, ní agbègbè Sèmè-Podji, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 30. Gbogbo wa la gbọ́. Pàtírọ́ọ̀nù gbọ́, ó tilẹ̀ mi orí. Ní ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ó ri ìgò bíà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ibi tí kò jìnnà sí tábìlì kpayo ju ibi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ju òkúta dé. Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó pè mí ní "ẹ̀gbọ́n mi olùkọ́", ó ní òkè lòun dojú rẹ̀ kọ.

Èmi náà ní ti èmi, kí n má fi pamọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ọ̀pá tí iná kò tíì kú lórí rẹ̀ bọ́ sórí aká àgbàdo ìyá mi kékeré, lẹ́yìn ilé. Aká náà jó, ó ran àwọn ọ̀pẹ kéékèèké mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, tó mú irú wọn ti Pobè wá, tó ń retí ọdún kẹrin kí wọ́n tó so. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Mo tọ Pàtírọ́ọ̀nù lọ. Ó bá mi kẹ́dùn gidigidi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, òun yóò gbé e dé ibi tó yẹ. Mo mọ ohun tí n óò gbọ́ bí mo bá padà lọ béèrè, síbẹ̀ mo kọ ọ́. Òmùgọ̀ kò ní ìwo lórí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́ Àìkú, kí oòrùn tó yọ, àwọn ọmọdé ti ń ṣa ọ̀pá fúsé kiri inú pápá àti lórí páànù, bí wọ́n ṣe ń ṣa olú lẹ́yìn òjò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò tíì pé ọdún méje, rí ti ìsàlẹ̀ àti ti àárín, dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí eérú aká ìyá mi kékeré lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó sáré gbé wọn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ti ń mì láti lọ sí Kútọnu. Ó kúnlẹ̀, ó na wọ́n sókè.

"Bàbá, ẹ gbàgbé èyí."

Pàtírọ́ọ̀nù wo ọmọ náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀wù funfun tó wà lára òun. Ó fi ìka kan tẹ nǹkan, gíláàsì fèrèsé sì rọra gòkè.