Lẹ́tà sí Àbúrò Mi, Ọlọ́pàá Ìdẹ ti Manigri

Àbúrò mi àtàtà,

Òkìkí rẹ ti ré kọjá Manigri, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Bassila. Àwọn ọlọ́kadà tó ń ti Bantè lọ sí Djougou ní bí irin bá dá mọ́ àwọn lọ́nà, kí àwọn ṣáà ti dé ìsọ̀ rẹ, ọ̀pá ìdẹ rẹ á parí ẹjọ́. Férémù alùpùpù, ìdẹ. Ìkòkò alùmíníọ̀mù, ìdẹ. Ẹ̀rọ ìlọgi, ìdẹ. Àfi bí oníṣègùn tó ń fi àgbo kan ṣoṣo wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀yìn dídùn!

Ìyá onírẹsì tó gbé ìkòkò wá fún ọ ṣì ń bèèrè rẹ̀. Jẹ́ n bá ọ bẹ̀ ẹ́. Alùmíníọ̀mù ń yọ́ bí ooru bá ti tó 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pá ìdẹ rẹ ń retí nǹkan bí 900. Kí ìdẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ìkòkò ti ṣàn sílẹ̀. Alùmíníọ̀mù kì í sì í pọ́n bí irin kó tó yọ́, kì í kìlọ̀ fún ajórin kankan. Ọ̀pá alùmíníọ̀mù tí wọ́n po sílíkọ́ọ̀nù mọ́ ni tirẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun tirẹ̀, torí bóráàsì tí o ń bu lé gbogbo nǹkan kò ràn án. Bí o bá rí ẹ̀rọ ìjórin TIG yá, gáàsì argon ni kó o fi bò ó. Má ti sílíńdà CO₂ wá síbẹ̀ o, á jẹ abẹ́rẹ́ tungsten inú rẹ̀ run.

Ní ti férémù, n kò ní ìdẹ kò dára. Ibi tí páìpù bá ti wọnú páìpù, tí àlàfo àárín wọn tín-ín-rín, tí o fi sáńpépà nù wọ́n mọ́, ìdẹ á fà wọlé fúnra rẹ̀, á dì í mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ìwọ, etí sí etí lo ń tò wọ́n, o wá ń kó ìdẹ jọ lé e lórí gègèrè. Irin ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ń fẹ́: ọ̀pá irin lórí iná asetilíìnì, tàbí bàgẹ́ẹ̀tì 6013, ọ̀pá ìjórin oníná mànàmáná tí o fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí òjò máa pa á.

Èéfín funfun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ rò pé agbára ọ̀gá ni ńkọ́? Síǹkì ló ń hó. 907 péré ni síǹkì ń hó, òun ló sì wà nínú ìdẹ àti lára páìpù omi aláwọ̀ fàdákà. Bó bá dalẹ́ tí o bá ń gbọ̀n, o ní ibà ẹ̀fọn ni, o sáré ra oògùn. Àbúrò, èéfín ni! Mílíìkì tí o ń mu kò kàn án. Fi fáìlì họ síǹkì ara páìpù kúrò, kó o sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín bá imú rẹ. Bó bá jẹ́ ọ̀pá ìdẹ lo ń yọ́, jẹ́ kí ọ́síjìn pọ̀ díẹ̀ ju asetilíìnì lọ, síǹkì kò ní sá tó bẹ́ẹ̀. Irin ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí méjèèjì dọ́gba.

Ẹ̀rọ ìlọgi nìkan lo ti borí mi. Irin fọ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe é máa ń sán bí a bá jó o tipátipá, ìdẹ sì ń dì í mú dáadáa nítorí pé kì í jẹ́ ká yọ́ fọ́ǹtì fúnra rẹ̀. Kọ́kọ́ mú un gbóná, kó o sì sin ín sínú eérú kó tutù díẹ̀díẹ̀. O ṣe é re, mo gbà fún ọ.

Láyé àtijọ́, láàárín àwọn ará Bassar lókè ibodè Togo níbẹ̀ yẹn, ìlú Banjeli ló máa ń yọ́ irin nínú ìléru amọ̀ gíga, àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú Bitchabe ló sì máa ń rọ ọ́. Ìwọ nìkan ló fẹ́ jẹ́ Banjeli àti Bitchabe pọ̀, pẹ̀lú gáàsì ìdáná ìyàwó rẹ! Gáàsì yẹn pẹ̀lú ọ́síjìn ń dé bí 2,800. Asetilíìnì ń kọjá 3,100. Ti ìyàwó rẹ tó fún ìdẹ, ó tó fún gígé irin. Fún jíjó irin mọ́ irin, dá a padà sí ilé ìdáná. Láti ọdún 1903 tí Fouché àti Picard ti ṣe tọ́ọ̀ṣì wọn ní ilẹ̀ Faransé ni asetilíìnì ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ báyìí o, ẹ̀fẹ̀ ti tán. Páìpù bàbà tí o fi so rọ́bà méjì pọ̀ lára agolo kábáìdì tí o fi ń ṣe asetilíìnì, yọ ọ́ lónìí. Bí asetilíìnì bá ń kan bàbà, ohun tí wọ́n jọ ń bí máa ń bú gbàù lójijì. Má jẹ́ kí ìfúnpá asetilíìnì kọjá báà kan. Má fi ọwọ́ tó ní òróró kan orí sílíńdà ọ́síjìn. Bí mo bá gbé alùpùpù mi wá lọ́jọ́ ọjà tí mo bá páìpù bàbà yẹn níbẹ̀, Bassila ni n ó ti lọ jó o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Bassila.