Ta Ló Ń Bọ́ Òpìtàn?

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn òpìtàn o! Ẹ̀yin ará ìlú ńlá kò mọ ohun tí ojú wa ń rí ní Òrò-Àgọ́. Ẹni tó bá ti fẹ́ di ọ̀mọ̀wé, ọ̀nà ilé mi ni yóò tọ̀: “Bàbá, báwo ni ogun Ìlọrin ṣe rí?” Ṣé èmi ni mo jà á ni? Síbẹ̀, ìyàwó mi á gúnyán, àlejò á jẹun yó, á gba ohùn mi sínú fóònù, ó di gbére.

Wọ́n ní ìwé ti jáde lókè òkun. Mo ní kí ọmọ mi béèrè iye rẹ̀. Dọ́là! Bí mo ta gbogbo iṣu oko mi, kò lè tó o. Bàbá tó bí bàbá mi ló sá wọgbó nítorí ẹlẹ́ṣin Ìlọrin, èmi ni wọ́n ní kí n sanwó kí n tó mọ ibi tó sá gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ tó ti ń bọ̀. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó sọnù lọ́wọ́ atẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ, ó jáde ní 1921. Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀. Àwa Ìgbómìnà kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Òyìnbó ìjọba kan, Hermon-Hodge, kọ tiẹ̀ ní 1929, ó pè é ní ìwé Ẹkùn Ìlọrin. Ìlọrin tó fi ajẹ́lẹ̀ jẹ wá run! Ní 1971, Akíntóyè kọ nípa ogun Èkìtì Parapọ̀, inú mi dùn, nítorí a wà lójú ogun náà. A jagun, Èkìtì gba orúkọ. Usman tó ń kọ́ni ní Arizona tiẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé rẹ̀ jáde ní 2001. Níbo? Oxford.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má bínú, pé báyìí ni ayé rí. Ó ní àwọn ará Pólàǹdì náà ń kọ ìtàn Bùlùgéríà. Mo bi í pé: ta ló ń se oúnjẹ fún òpìtàn ní Bùlùgéríà? Kò lè dáhùn.

Mo ti dá sẹ̀ríà fún wọn ṣá. Mo sọ fún àlejò kan pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ogun wọlé. Mo sọ fún èkejì pé ọjà alẹ́ ló ká wa mọ́. Wọ́n á máa bára wọn jà lórí rẹ̀ nínú ìwé títí àwọn méjèèjì á fi di ọ̀jọ̀gbọ́n.