Ìrù Mẹ́fà fún Àná Kan

Ọ̀rọ̀-ìṣe hablar, ìyẹn “sọ̀rọ̀” lédè Sípéènì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kì í rú òfin. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ ní Instituto Cervantes, ilé ẹ̀kọ́ èdè Sípéènì, ì báà jẹ́ ti Berlin tàbí ti Hamburg, yóò gé -ar ìdí rẹ̀ dànù, yóò wá so ìrù mẹ́fà mọ́ ọn fún ohun tó ti kọjá: hablé, hablaste, habló, hablamos, hablasteis, hablaron. Yorùbá kì í ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀; “mo sọ̀rọ̀ lánàá” ti parí ẹjọ́. Ará Berlin ò sì lè ráhùn, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì lòun náà sábà máa ń fi gbé àná kan ṣoṣo, ich habe gelernt (“mo kọ́ ẹ̀kọ́” lédè Jámánì), tí gelernt yóò sì kẹ́yìn gbólóhùn bí ọba tó ń retí kí onílù dákẹ́.

Nínú Sípéènì, àmì orí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Hablo ni “mo ń sọ̀rọ̀”. Habló ni “ó sọ̀rọ̀”. Ọmọ Hamburg tó bá fo àmì yẹn ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Hablamos ní tirẹ̀ kò yàtọ̀, ti òní ni, ti àná ni. Hablasteis? Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́síkò lè fi í sílẹ̀ sí Jámánì: hablaron ni wọ́n ń lò fún “ẹ̀yin” níbẹ̀.